Bí Mo Ṣe Ra Ọkọ̀ Dísẹ́ẹ̀lì Lẹ́ẹ̀mejì

Ìyá mi ń gbé ní Kétu, èmi ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Àjàṣẹ́, dókítà tó ń tọ́jú ojú rẹ̀ sì wà ní Kútọnu. Láti ọ̀dọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀nà náà tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà: a ó gba Ṣakẹ́tẹ́, a ó gba Pòbẹ́, a ó wọ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí tí amọ̀ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, kí a tó gòkè lọ sí Kétu. Lóṣooṣù ni ó gbọ́dọ̀ rí dókítà, nítorí irú àìsàn ojú tó ń bá a jà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a kò ní ọkọ̀, takisí ni ó ń wọ̀. Wọn á fún un mọ́ àárín àwọn alájàpá àti àpò gààrí wọn, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú. Èyí ló mú kí àwa ọmọ rẹ̀ pinnu láti ra ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Lómè mú 900.000 fàráǹkì wá. Àbúrò wa obìnrin tó ń ṣòwò ní Ṣábẹ̀ẹ́ mú 600.000. Èmi ní 700.000. Ìyá wa fúnra rẹ̀ gbé 400.000 tó kó nínú àjọ àwọn obìnrin ọjà kalẹ̀. Ó ní a kò ní máa gbé òun kiri bí ẹrù ọ̀fẹ́. Ọkọ̀ tí jíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀ ni mo ní láti wá, kì í ṣe fún fáàrí. Ẹsẹ̀ òsì mi ti ṣẹ́ rí lórí zémidjan, kò sì lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì pẹ́. Dísẹ́ẹ̀lì, tí a ń pè ní gasoil lọ́dọ̀ wa, ni mo yàn nítorí ọ̀nà jíjìn, nítorí kì í mu epo tó ọkọ̀ tó ń lo essence.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo lọ sí ọ̀kan nínú àwọn pápá tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ láàárín Kútọnu àti Sèmè. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí kò lè mọ bí ojú ṣe ń ṣú ènìyàn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ náà gba orí òkun wá láti Yúróòpù, pàápàá láti èbúté Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù. Nàìjíríà ni púpọ̀ nínú wọn ń bá lọ nígbà kan, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba ibẹ̀ ti fi òfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ lè dúró pẹ́ nínú pápá, kí oòrùn máa pa rọ́bà rẹ̀, kí atẹ́gùn oníyọ̀ etí òkun sì máa jẹ irin rẹ̀ lábẹ́ níbi tí ojú kò tó.

Èyí tí mo rà ń dán gbinrin. Òǹkà rẹ̀ ń kà 168.000 kìlómítà. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń tà á rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti mú un gbóná sílẹ̀ dè yín." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rántí ọpẹ́ yẹn, ojú a máa tì mí. A wa ọkọ̀ náà yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo sì ka owó.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ilẹ̀ ti ṣú, ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ọkọ̀. Bí a ti ń gòkè kúrò ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, mo tẹ iná sí i, ẹ́ńjìnnì kígbe, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò yára. Mo tún tẹ̀ ẹ́, igbe náà pọ̀ sí i, ọkọ̀ sì rọra dúró. Mo fi jíà sí D, mo fi sí R, kò mira. Ibẹ̀ ni a wà títí di aago mẹ́rin ìdájí, tí awakọ̀ akẹ́rù kan fi ṣàánú wa. Ìyá mi ń sọ fún mi pé kò burú, kò burú, ọmọ mi. Ohùn rẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè pa ojú dé.

Mẹkáníìkì tó so ẹ̀rọ ayẹ̀wò mọ́ ọkọ̀ náà rí i pé 341.000 kìlómítà ni kọ̀ǹpútà àpótí jíà mọ̀, nígbà tí òǹkà iwájú awakọ̀ ń sọ pé 171.000. Àpótí jíà àlòkù mìíràn pẹ̀lú owó iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iye tí a ra ọkọ̀ náà, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun náà kò ní kú. A tà á fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ ní 700.000. Ìyá mi padà sínú takisí. Ẹ̀gbọ́n mi ní Lómè kò bá mi wí rárá. Ó kàn dẹ́kun pípè mí fún oṣù mẹ́rin.

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Òwe yẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú, pé ta ni ìbá mọ̀? Àfi ìgbà tí mo pàdé bàbá àgbàlagbà kan ní Àjàṣẹ́, tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ṣe kí wọ́n tó bí mi. Mo ro ẹjọ́ mi fún un, mo ní òǹkà ló tàn mí jẹ. Bàbá wò mí títí, ó ní, "Olùkọ́, òǹkà kò tàn ọ́ jẹ. Ìwọ lo lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òǹkà. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Jíà ńkọ́? Ǹjẹ́ o béèrè lọ́wọ́ wọn?"

Ọdún mẹ́ta kọjá kí n tó tún lówó lọ́wọ́. Ní gbogbo àsìkò náà, ọ̀sán ọjọ́rú tí kò sí iṣẹ́ ni mo fi ń jókòó sí gáràjì Bàbá. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Wíwò àti gbígbọ́ ni ó ní kí n kọ́, nítorí ẹni tó ń ra ọkọ̀ kò ní tú u palẹ̀ lójú ọlọ́jà.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí n bá ẹ́ńjìnnì ní tútù. Kí n pe ọlọ́jà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé kí ó má ṣe tan ọkọ̀ náà, nígbà tí mo bá sì dé, kí n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdérí ẹ́ńjìnnì kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Bàbá fi èyí rẹ́rìn-ín, ó mọ̀ pé ọmọ Kétu kò lè ṣe kó má kọ́kọ́ kí ènìyàn. Bí ibẹ̀ bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí n yí padà. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó gbóná lè fi púpọ̀ pamọ́. Nígbà tó bá tutù ni ínjẹ́tọ̀ tí kò fín epo dáadáa mọ́ ń hàn, ìgbà yẹn náà sì ni pístọ̀nì tó ti jẹ ń fi ara hàn: ọkọ̀ á jọwọ́ kó tó tan, á gbọ̀n jìgìjìgì, á sì tú èéfín.

Èéfín náà ní èdè tirẹ̀. Bí ó bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Bí ó bá dúdú kirikiri nígbà tí a bá tẹ iná, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ; ó lè jẹ́ ínjẹ́tọ̀, ó lè jẹ́ turbo, ó sì lè jẹ́ àsẹ́ afẹ́fẹ́ lásán tó ti dí, èyí tí kò wọ́n. Funfun díẹ̀ ní ìdájí kò burú. Funfun tí kò tán lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ẹ bi ara yín léèrè bóyá omi ti ń wọ ibi tí iná wà. Kí a wo inú ike omi rẹdiétọ̀ pẹ̀lú kó tó gbóná: bí epo bá léfòó lójú omi náà, ọ̀rọ̀ ti tán, kí a máa lọ sílé.

Lẹ́yìn náà, kí a ṣí ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń tì í sókè bí ọmọrí ìkòkò ẹ̀kọ tó ń hó, agbára iná ti ń gba ẹ̀gbẹ́ pístọ̀nì sá lọ sísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà sì ti gbó. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì mú ni àwọ̀ ọ́ìlì. Ọ́ìlì dísẹ́ẹ̀lì a máa dúdú kíákíá lẹ́yìn vidange, nítorí náà dúdú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tó rí bí ògì lábẹ́ ìdérí ni kí a bẹ̀rù, nítorí omi ti dà á pọ̀. Kí a sì fura sí ọ́ìlì tó ga ju àmì òkè lọ tó ń rùn bí gasoil: epo ló ti ń jò sínú rẹ̀.

Bẹ́líìtì tí wọ́n ń pè ní courroie de distribution kò ṣeé fi etí gbọ́, kò sì ṣeé fi ojú rí láìtú nǹkan. Bí ó bá já lójú ọ̀nà, nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, pístọ̀nì àti fáàfù á kọlu ara wọn, àtúnṣe rẹ̀ a sì lè ju iye ọkọ̀ lọ. Bí kò bá sí ìwé tó sọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí a gbà pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀, kí a yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí a ó san. Ẹ́ńjìnnì mìíràn ń lo ṣéènì dípò bẹ́líìtì. Ìyẹn kò ní ọjọ́ ìpààrọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ṣéènì tó ti tú a máa ń ró ṣàràṣàrà nígbà tí a bá kọ́kọ́ tan ọkọ̀.

Àpótí jíà ni mo fi ọkàn sí jù, nítorí òun ló pa mí lẹ́kùn. Kí ẹ kọ́kọ́ béèrè irú èyí tó jẹ́, nítorí gbogbo ohun tí kò bá ti ní kílọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀ ni àwọn ọlọ́jà ń pè ní automatique. Ọ̀kan wà tí epo ni ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún un, òun ni ti àtijọ́, òun náà sì ni púpọ̀ nínú àwọn mẹkáníìkì wa mọ̀. Òmíràn ní kílọ́ọ̀ṣì méjì nínú tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀. Òmíràn sì jẹ́ jíà aláfọwọ́yí lásán tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí láti máa yí i dípò awakọ̀. Èmi wá ti àkọ́kọ́, nítorí mo mọ ẹni tí n ó gbé e lọ bá lọ́jọ́ tó bá ṣàìsàn.

Bàbá kọ́ mi láti fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, kí n gbé jíà láti P sí R, kí n ka ení, èjì. Bí ó bá kọjá èjì kó tó gbá a mú, tàbí tó bá gbá a mú pẹ̀lú ìró bí ẹni fi òòlù lu ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nǹkan wà níbẹ̀. Bákan náà láti R sí D. Lẹ́yìn náà, kí a wà á jẹ́jẹ́ kí ó lè yí gbogbo jíà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí a wá ibi tí ọ̀nà ti tẹ́jú, kí a máa lọ ní 70 sí 90 kìlómítà ní wákàtí láìtẹ iná sí i, láìdín in kù. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n bí ẹni gun orí ọ̀nà oníkéréké, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà sì dán, àrùn wà nínú ibi tí epo ti ń gbé agbára yẹn. Kí a wá òkè kan gùn. Igbe ẹ́ńjìnnì tí ìyára kò tẹ̀ lé ni ohun tí mo gbọ́ ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, mi ò tún fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ láyé mi.

Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ gba ìdajì wákàtí, ó kéré tán. Jíà mìíràn ń ṣe dáadáa nígbà tó tutù, nígbà tí epo rẹ̀ bá gbóná tán ni yóò máa yọ̀. Ọlọ́jà tó ní kí ẹ yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan péré mọ ohun tó ń ṣe.

Epo jíà náà ńkọ́? Nígbà tó bá wà ní tuntun, pupa ló sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá ti dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ìyà ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní kò ní ọ̀pá tí a fi ń wò ó, àfi kí mẹkáníìkì gbé e sókè. Ẹ ó sì gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé a kì í pààrọ̀ epo náà títí ayé. Èmi náà gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ ZF ti Jámánì, tó ń ṣe àpótí jíà fún oríṣiríṣi ọkọ̀, dámọ̀ràn pé kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ láàárín 80.000 sí 120.000 kìlómítà.

Ti ínjẹ́tọ̀ ni mo fẹ́ràn jù láti wò. Bàbá a so ìgò kékeré mọ́ ibi tí epo ti ń padà jáde lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mẹ́rin fún mẹ́rin, a sì tan ẹ́ńjìnnì. Bí ìgò kan bá kún ju àwọn yòókù lọ gan-an, ínjẹ́tọ̀ tirẹ̀ ti jẹ. Epo ẹlẹ́gbin àti epo olómi ló ń bà wọ́n jẹ́ jù, nítorí náà ẹni tó bá ń ra gasoil nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà kí ó rántí iye tí ínjẹ́tọ̀ kan ń jẹ́.

Àwọn ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù láti nǹkan bí ọdún 2011 tún ní àsẹ́ kan nínú páìpù èéfín, tí wọ́n ń pè ní FAP. Ọ̀nà jíjìn ló fi ń jó èérí inú rẹ̀ dànù. Ẹni tí kò bá ń rìn ju ilé sí ọjà lọ, yóò dí mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tí owó pé, mo padà sí pápá. Ọkọ̀ méjì ló kù nígbẹ̀yìn, irú kan náà, ọdún kan náà, 2008. Òǹkà àkọ́kọ́ ń kà 142.000, kò sì sí ìwé kankan. Rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì rẹ̀ jẹ́ tuntun, bẹ́ẹ̀ ìjókòó awakọ̀ ti ya létí, sítíárìn sì ń dán bí igi ọmọ odó. Òǹkà èkejì ń kà 287.000. Nínú àpótí iwájú rẹ̀ ni mo ti rí ìwé Car-Pass, tí òfin Bẹ́ljíọ̀mù ní kí ó tẹ̀ lé ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n bá tà fún aládàáni níbẹ̀, tí ó sì ń kọ iye kìlómítà láti ọdún dé ọdún. Iye náà ń gòkè ní bí 28.000 lọ́dún, kò ṣubú rí. Ìwé owó iṣẹ́ tún wà: vidange ní àsìkò rẹ̀, bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀mejì, epo jíà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń wa 28.000 lọ́dún, ọ̀nà ńlá ló ń rìn, kì í ṣe sún-kẹẹrẹ inú ìlú. Mo ti pe ọlọ́jà náà lálẹ́ àná. Ẹ́ńjìnnì tutù lábẹ́ ọwọ́ mi.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. "287.000?" Ó dákẹ́ díẹ̀. "Àbúrò, ṣé o fẹ́ pa ìyá wa ni?" Mi ò mọ èsì tí n ó fún un, nítorí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Mo wá pe ìyá mi. Kò béèrè òǹkà. Ó ní, "Ta ló lò ó ṣáájú?" Mo ní mi ò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n rà á.

Mo ra ọkọ̀ náà ní 2.300.000, mo sì fi 600.000 pamọ́ láìfọwọ́ kàn án. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Bàbá ti pààrọ̀ epo jíà, bẹ́líìtì àti gbogbo àsẹ́, ó sì sọ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nù: nọ́ńbà mẹ́rin ara wọn, tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n, fi hàn pé wọ́n ti lo ọdún mẹ́jọ. Èyí kò túmọ̀ sí pé mo rí gbogbo rẹ̀. Àwọn ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná kó tó tan, bougie tí wọ́n ń pè wọ́n, méjì ti kú nínú wọn, ooru Kútọnu sì bò wọ́n mọ́ mi lójú. Àárọ̀ ọyẹ́ kan ní Kétu ni wọ́n fi mí ṣẹ̀sín. Mo tan ọkọ̀ títí bátìrì fi rọ̀, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò sì sáré wá láti tì í. Mo ní kí wọ́n má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu, a kì í ti ọkọ̀ ọ̀tọ̀mátíìkì kó tan.

Ó ti di ọdún mẹ́rin báyìí. Òǹkà ń kà 349.000. Ìyá mi ní ìjókòó tirẹ̀ níwájú, pẹ̀lú tìmùtìmù tó rán fúnra rẹ̀, dókítà sì sọ pé ojú kò tíì burú ju bó ṣe wà lọ. Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi wá láti Lómè. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ dáadáa tó fi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó wà á dé Ṣábẹ̀ẹ́, ó sì wà á padà. Nígbà tó dé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pẹ́ díẹ̀, ó wá ní òun náà ń wá ọ̀kan, bóyá mo lè bá òun lọ wò ó ní Sátidé yìí. A ti pe ọlọ́jà náà pé kí ó má tan án rárá. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni a ó dé ibẹ̀.